Ilédì Ògbóni: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi wá, àti ìdáhùn wọn

Fíìmù ti bá wa sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ Ilédì, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í sì í la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ń ya lu ìbéèrè. Èmi ò mulẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mulẹ̀. Ohun tí mo kọ síbí ni èyí tí ojú ọ̀gbẹ̀rì lè rí, èyí tí ìtàn ìlú ti gbà sílẹ̀, àti èyí táwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ń sọ ní gbangba. Ibi tí awo bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa dúró sí.

Kí ni Ilédì gan-an?

Ilé ìpàdé àwọn Ògbóni ni. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Òṣùgbó ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Ní Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti ibòmíràn, Ògbóni ni. Ẹlòmíràn á kàn sọ pé "ilé awo", ọ̀rọ̀ sì ti parí.

Kì í ṣe ibi tí gbogbo èèyàn ti lè wọlé kúnlẹ̀ gbàdúrà bíi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kì í sì í ṣe ojúbọ òrìṣà kan ṣoṣo. Ilé ìgbìmọ̀ ni, ilé ẹjọ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń bọ Ilẹ̀ ni, ibi tí àwọn àgbà ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá tán náà sì ni. Ìjọba ìlú ló kọ́kọ́ ń gbé inú ilé yìí kí ẹ̀rù tó wá gbé e. Ẹni tí èyí bá yé, ìyókù ọ̀rọ̀ kò ní ṣòro fún un.

Ibo ni wọ́n máa ń kọ́ ọ sí? Ṣé gbogbo ìlú ló ní in?

Lọ́pọ̀ ìlú, ìtòsí ààfin tàbí ẹ̀gbẹ́ ọjà ni, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú wà. Kì í ṣe inú igbó kìjikìji tí wọ́n máa ń fi hàn wá nínú fíìmù.

Abẹ́òkúta ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ogun tú kó ọba rẹ̀, ológun rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀ dání wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí Ilédì kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Abẹ́òkúta. Adúgbò ni wọ́n fi ń ní in, nítorí pé àdúgbò tòní ni ìlú àná. Tí ẹ bá ń rìn lọ ní àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn, ẹ lè gba iwájú Ilédì kọjá kí ẹ má mọ̀. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, páánù tó ti dípẹtà lórí, ilẹ̀kùn tó máa ń wà ní títì. Àwọn ọmọdé adúgbò ló máa sọ fún yín, ìyẹn nípa bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá níwájú rẹ̀.

Ní àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, Ògbóni kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bí ó ti rí ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bákan náà ni ó rí káàkiri, kò tíì rìn jìnnà.

Báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí?

Ó ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ìlànà kan ló wà nídìí rẹ̀: bí ẹ bá ṣe ń wọlé lọ ni iye èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀ ń dín kù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà níwájú. Àlejò tó ní ẹjọ́ lè dé ibẹ̀, òjíṣẹ́ ọba lè dé ibẹ̀. Àgbàlá tàbí gbọ̀ngán ló tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń jókòó ní ipò-ipò. Kò sí ẹni tó ń jókòó síbi tó bá wù ú. Lẹ́yìn ìyẹn ni yàrá inú, níbi tí àwọn ohun ìbọ Ilẹ̀ wà, tó fi mọ́ àwọn ère idẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Onílé. Àwọn olóyè gíga nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun pàápàá, tó ti san owó, tó ti jẹ àsè, lè lo ọ̀pọ̀ ọdún ní gbọ̀ngán láìrí yàrá náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń rojọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun wọ ẹgbẹ́ ní oṣù tó kọjá, òun sì ti rí gbogbo rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí ó máa rojọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ Ilédì àtijọ́ ní òpó àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́, pẹ̀lú àwòrán èèyàn, ẹja, ejò àti ọ̀ọ̀nì lára wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ti rìn lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Bí wọ́n ṣe rìn, ẹsẹ̀ wọn kọ́ ni wọ́n fi rìn.

Ta ni olórí níbẹ̀?

Olúwo ni olórí. Apènà ló tẹ̀ lé e lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ń bójú tó ẹjọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni edan, ère idẹ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́, sì máa ń wà. Lísà àti Ọ̀dọ̀fin wà nínú àwọn oyè yòókù, ètò wọn sì ń yí padà láti ìlú kan sí èkejì. Kékeré ẹgbẹ́ náà wà, tí wọn ò tíì ní oyè, tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Erelú ni oyè wọn, wọn kì í sì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni tó wá bá wọn dáná. Ó máa ń jẹ́ ìyá àgbà tó ti kọjá ọmọ bíbí, ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ìlú ń wí kí ó tó gbé e wá. Edan fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin nìkan. Akọ àti abo ni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, obìnrin ààfin kan ló máa ń lọ jókòó nípò Aláàfin nígbà tí àwọn Ògbóni bá ń ṣe ìpàdé, òun ló sì ń mú ọ̀rọ̀ padà wá fún ọba.

Mo mọ̀ pé iye wọn kéré sí ti ọkùnrin, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní obìnrin kò gbọdọ̀ tẹ Ilédì, ọ̀rọ̀ Orò ló gbé wá sí ilé Ògbóni.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà?

Ìpàdé ni àkọ́kọ́. Ìtàdógún ni wọ́n ń pàdé ní Ọ̀yọ́, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún síra gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Ẹni tó bá wọlé á dọ̀bálẹ̀ kí Ilẹ̀, á fi ẹnu kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì sọ pé ọmú ìyá dùn. Àwọn yòókù á dáhùn pé gbogbo àwọn jọ mu ún ni. Ìyá tí wọ́n ń sọ yìí ni Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, olówó àti tálákà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n á pa obì, wọ́n á ta ọtí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko, ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ọba tó ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ olóyè tó kú tí ìdílé méjì ń du ipò rẹ̀. Wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde, ohùn kan ni ìlú á gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ lóde pé báyìí ni Ọ̀dọ̀fin wí, báyìí ni Lísà ṣe takò ó.

Níbi tí mo ti rí i, ohun tó wúlò jù nínú ìbúra wọn nìyí, ju gbogbo ohun tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá lọ. Olóyè tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò ní dé etí ọba lè sọ òótọ́ nípa ọba. Onídàájọ́ tó mọ̀ pé ẹlẹ́jọ́ kò ní mọ ẹni tó dá a lẹ́bi, kò ní bẹ̀rù pé wọ́n á dáná sun abà òun. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ẹ̀gbin inú rẹ̀ náà kò pamọ́: àṣírí kan náà tó ń dáàbò bo olóòótọ́ lè bo ẹni tó gba rìbá. Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi Ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ.

Báwo ni agbára Ilédì ṣe pọ̀ tó láyé àtijọ́?

Ní Ẹ̀gbá, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín àṣẹ ìlú sí: Ògbóni, ológun, Pàràkòyí tó ń bójú tó òwò, àti ọdẹ. Ògbóni ló ni òfin àti ẹjọ́, ọba ò sì lè ṣe é láìsí wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣùgbó ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ni Ìlámùrẹ́n, ìyẹn àwọn olóyè gíga, àti Pàḿpá, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tí kò ní oyè, náà wà nínú ètò ìjọba. Ní Ọ̀yọ́, àárín Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn olóyè ńlá tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí fún, ni Ògbóni dúró sí. Bí Baṣọ̀run àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ fi ọwọ́ líle mú ọba, àwọn Ògbóni wà níbẹ̀ tí wọ́n á bi wọ́n ní ìdí.

Wọ́n tún ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ ikú. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni, kò sì sí ibi táa tún lè pẹjọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn sí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀?

Nítorí pé Ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Bí èèyàn méjì bá jà lọ́jà tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan fi kán sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwọn méjèèjì. Wọ́n ti ṣẹ Ilẹ̀. Ìránṣẹ́ Ilédì á mú edan wá, á gbé e lélẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ìjà parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Àwọn méjèèjì á wá sí Ilédì láti rojọ́, wọ́n á san owó ìtánràn, wọ́n á sì ra ohun ètùtù. Ẹni tó jàre náà á san, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò mọ aláre.

Ìlú tí kò ní ọlọ́pàá, tí kò ní ẹ̀wọ̀n onírin, idẹ kékeré kan lè tú ìjà ká níbẹ̀. Ẹ ro bó ṣe máa rí lóríta wa lónìí.

Kí ni edan yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ère idẹ méjì ni, akọ kan, abo kan, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ láti orí. Irin ni ẹsẹ̀ wọn, tó mú ṣonṣo kí ó lè dúró nínú ilẹ̀. Ojú wọn máa ń yọ síta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà, ẹ̀ṣẹ́ òsì lórí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò á sì fara pamọ́ sínú. Ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kọ́ ọrùn, ère kan á wá sí ọ̀tún àyà, èkejì á wá sí òsì. Wọ́n tún ń fi edan ránṣẹ́: ẹni tí wọ́n bá fi í pè kò gbọdọ̀ ní òun ò ráyè.

Ṣíṣe rẹ̀ gba sùúrù. Ẹni tó ń da idẹ á fi amọ̀ mọ inú ère náà lé ọ̀pá irin. Lẹ́yìn tí amọ̀ bá gbẹ, á fi ìda oyin bò ó, orí ìda yìí ni á sì ti ya gbogbo ọ̀nà: ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n, ilà iwájú orí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ìda tó fẹ́lẹ́ bí okùn ló fi ń ṣe irun. Yóò tún fi amọ̀ kíkúnná bò ó látòkè délẹ̀, á fi ihò kékeré sílẹ̀. Tó bá gbé e sínú iná, ìda á yọ́ jáde gba ojú ihò náà, àlàfo á ṣẹ́ kù sí ibi tó wà. Idẹ tí wọ́n fi ewìrì fẹ́ iná sí títí tó fi ń ṣàn bí omi ni wọ́n á dà sínú àlàfo yẹn. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ yẹn wúlò mọ, nítorí náà kò sí edan méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò létí òpópónà, tó jọra bí ìbejì lórí tábìlì, ẹ̀rọ tàbí rọ́bà ló bí i.

Àwọn Ògbóni ní àṣamọ̀ kan: Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ẹnìkẹta tí kò ṣeé rí yìí ló ń jókòó ti gbogbo àdéhùn wọn.

Aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀ wọ Ilédì?

Aṣọ ìbora funfun pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa fi mọ olóyè ni ìtàgbè, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi kọ́ èjìká òsì. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde ló ń hun ún lórí òfì ìnàró. Wọ́n á fa òwú jáde ní ṣókíṣókí lórí aṣọ náà, ní ìlà-ìlà, títí ojú rẹ̀ á fi rí bíi ṣákí inú ẹran, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é náà nìyẹn: ṣákí. Ìtàgbè tó dáa wúwo lọ́wọ́, ó sì gbówó lórí.

Ìlù wo la máa ń gbọ́ láti ibẹ̀?

Àgbà ni. Igi ńlá tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ àwòrán yí ara rẹ̀ ká. Kì í ṣe ìlù òde ijó. Ó ń dún fún ìpàdé, ó ń dún nígbà ìfinijoyè, ó sì ń dún nígbà tí èèyàn ńlá bá kú. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá gbọ́ ọ ní àjìn á dìde jókòó.

Ṣé òótọ́ ni pé Ilédì ló ń fi ọba jẹ, tó sì ń sin ín?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n ní ọwọ́ tó pọ̀ nínú méjèèjì. Àwọn afọbajẹ ń yan ọba, ṣùgbọ́n ètùtù tó ń sọ ọ́ di igbákejì òrìṣà, ọwọ́ àwọn awo ló wà. Tí ọba bá sì wàjà, Òṣùgbó ló ń gba òkú rẹ̀.

Ibí yìí ni ìjà tòde òní gbóná sí jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin kan, gómìnà sì fọwọ́ sí i ní 2022, tó fún ọba àti ìdílé rẹ̀ láǹfààní láti yan irú ìsìnkú tí wọ́n bá fẹ́. Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960, wà lára àwọn tó ti òfin náà lẹ́yìn gbágbágbá. Ó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, wọ́n sì sin ín ní ọjọ́ kejì ní ìlànà Mùsùlùmí, pẹ̀lú àwọn sójà ní ẹnu ọ̀nà, tí wọn ò jẹ́ kí àwọn oníṣẹ̀ṣe sún mọ́ ibẹ̀.

Èrò mi? Ẹni tó bá kú ní ẹ̀tọ́ sí ara rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́ tí ètùtù gbé kalẹ̀ jẹ gbèsè kan, ó sì dáa kí wọ́n ti jọ sọ ọ́ yanjú pẹ̀lú Òṣùgbó ní ọjọ́ tó ń gba ewé oyè lórí, kó má di ọjọ́ ìsìnkú. Kí sójà máa ṣọ́ òkú ọba kò buyì kún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà wo ni agbára náà kúrò nínú Ilédì?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Egba United Government, ìjọba tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń ṣàkóso ara wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 kó àṣẹ lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń kọ̀wé sílẹ̀. Ní 1914, òmìnira Ẹ̀gbá parí, àwọn òyìnbó sì ṣe òfin ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ káàkiri. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá ní ẹjọ́ ń lọ síbi tí akọ̀wé àti ọlọ́pàá wà. Nígbà tí ẹjọ́ jáde kúrò nínú ilé, èyí tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ni ìbọ àti ìbùkún àjọṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé tó jẹ́ kóòtù wá di ilé tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba ọmọ.

Kí ni Reformed Ogboni Fraternity? Ṣé ilé kan náà ni?

Rárá. T. A. J. Ogunbiyi, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ló dá a sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1914. Christian Ogboni Society ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1934 ni wọ́n yí orúkọ padà kí Mùsùlùmí àti àwọn mìíràn lè wọlé. Wọ́n mú orúkọ Ilédì, Olúwo, Apènà àti Erelú láti ilé àtijọ́, wọ́n sì fi ètò kún un bíi ti àwọn Fírímésìn, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ tó ti Yúróòpù wá, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà yẹn mọ̀ dunjú. Olórí gbogbo wọn ni Olórí Olúwo.

Lọ́yà, dókítà àti oníṣòwò ló pọ̀ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Ilédì tiwọn kò ní àṣẹ lórí ìlú kankan, kò sì ní ẹjọ́ tó ń dá fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn Ògbóni ìbílẹ̀ kan kì í kà wọ́n sí. Àwọn náà ní tiwọn láti wí, ẹ lọ bi wọ́n. Wọ́n máa ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀.

Ṣé òfin Nàìjíríà gbà á?

Abala 38(4) nínú ìwé òfin 1999 ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láàyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Ọmọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì lè dupò ààrẹ, gómìnà tàbí aṣòfin. Àmọ́ òfin náà kò dárúkọ Ògbóni. Abala 318 ló ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ tó ń bá wí: èyí tó ń lo àmì àti ìbúra ìkọ̀kọ̀, tó ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láìka ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí, tí ìgbòkègbodò rẹ̀ kò hàn sí aráàlú. Iṣẹ́ lọ́yà ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ṣé wọ́n ń fi èèyàn rúbọ níbẹ̀?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn fẹ́ béèrè nìyí, tí wọ́n kàn ń fi àwọn yòókù ṣe àyíká. Mo ti sọ pé ilé náà ń dá ẹjọ́ ikú láyé ọjọ́un. Ẹbọ èèyàn náà wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ti Ògbóni nìkan, kò sì yẹ ká parọ́ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá pa èèyàn, apànìyàn ni, ìbáà mú edan, ìbáà mú Bíbélì. Ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ bá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé orí èèyàn fún owó, ọ̀daràn ni wọ́n. Kò sí Ilédì tí ẹ lè fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn lé lórí láìní ẹ̀rí.

Ṣé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Mùsùlùmí lè wà níbẹ̀?

Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Pásítọ̀ yín àti ààfáà yín á ní kò bófin mu, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn, mi ò sì ní bá wọn fà á.

Ṣé ó wà ní ẹ̀yìn odi?

Ó wà. Oyotunji, abúlé tí Adefunmi, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, fi Ògbóni ṣe ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin abúlé. Ìyẹn jọ mí lójú, nítorí iṣẹ́ tí òyìnbó gbà lọ́wọ́ Ilédì nílé ni àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà gbé padà fún un.

Níbo ni mo ti lè rí Ilédì láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni?

Ẹ lọ sí Òṣogbo. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, Ilédì Ońtótóo wà níbẹ̀. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, ló kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo bíi Adebisi Akanji. Òrùlé rẹ̀ gùn sókè, ó tẹ̀, ó ṣẹ́rí, bí ẹni pé aláǹgbá ńláńlá ń na ọrùn. Kò jọ Ilédì àtijọ́ kankan, àwọn kan sì ń bínú sí ìyẹn títí dòní. Èmi fẹ́ràn rẹ̀: ilé tí wọ́n kọ́ láti fi pamọ́ ló wá di èyí tí èèyàn kò lè má wò.

Ẹ gba ọ̀nà tí olùtọ́nisọ́nà bá fi hàn yín. Ẹ bi í kí ẹ tó ya fọ́tò. Ní ti Ilédì inú ìlú, ẹ má ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìgba àyè, ẹ má sì gba ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, ìbáà ṣí sílẹ̀ gbàgede. Ẹni tó jókòó níwájú ilé náà ni kí ẹ kí, kí ẹ sì kí i dáadáa.

Bàbá wa kú, a bá edan nínú àpótí rẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ẹ má jù ú nù, ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí pásítọ̀ kankan gbé e lọ "sọ di asán". Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí la tún máa ń rí lọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá Apènà tàbí Olúwo ìlú bàbá yín, kí ẹ̀gbọ́n àgbà nínú ilé lọ pẹ̀lú obì àti ọtí, kí ó sọ pé "Bàbá wa ti lọ, nǹkan yín sì wà lọ́wọ́ wa." Wọ́n mọ ohun tó kàn. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣe ìnáwó díẹ̀. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù, àgbà kì í bínú ẹ̀bẹ̀.

Tí Ilédì ìlú yín bá ti tú, tí kò sí ẹni tó kù, ọ́fíìsì National Commission for Museums and Monuments tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìní ìwé àṣẹ àjọ náà. Nítorí náà, bí àbúrò yín tó wà ní London bá ní kí ẹ fi edan náà sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀, pé òun á gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ẹ sọ fún un pé àwòrán rẹ̀ ló máa rí gbà.